Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè parí ìtàn kúkurú kan láàárín sáà ẹ̀kọ́ láìpa ìwé tì, láìsì ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nù

Ìtàn tí kò parí ló pọ̀ jù nínú fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Abẹ́òkúta. Àwọn àbúrò tó máa ń wá bá mi ní àdúgbò Káńpù, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Àǹtí, mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan nígbà tí a wọlé. Ìdánwò dé, mo gbé e sílẹ̀. Nígbà tí mo padà dé ìdí rẹ̀, n kò mọ ibi tó ń lọ mọ́." Ti àwọn tó tún ní iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ràn, bí àdìrẹ tàbí fọ́tò yíyà, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á yá àkókò ìwé fún ìtàn, wọ́n á yá ti ìtàn fún iṣẹ́ ọwọ́, títí gbogbo rẹ̀ á fi di gbèsè sí wọn lọ́rùn.

Ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí. Ìtàn bí ọ̀rọ̀ 1,500 ni a fẹ́ kọ, kí a sì parí rẹ̀ kí ìdánwò àárín sáà tó dé. Àdìrẹ ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ iṣẹ́ ọwọ́, torí òun ni èmi ń ṣe. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń bá àbúrò sọ̀rọ̀ ni mo máa bá ọ sọ ọ́, nítorí náà, "ìwọ" ni mo máa lò.

Ohun tí o máa nílò

Jọ́tà kan tó lè wọ àpò. Báírò méjì. Táìmù-tébù kíláàsì rẹ, pẹ̀lú kàlẹ́ńdà sáà tí ilé-ìwé gbé jáde. Tọ́ọ̀ṣì, torí pé ìwọ àti iná kò ní ṣe àdéhùn. Fóònù tí o ní lọ́wọ́ náà ti tó. Má dúró de kọ̀ǹpútà. Bí Gboard, bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ti Google, bá wà lórí fóònù náà, wọ inú ètò èdè rẹ̀, kí o fi Yorùbá kún un. Tí o bá tẹ lẹ́tà kan mọ́lẹ̀ díẹ̀, àwọn àmì ohùn rẹ̀ á yọ sókè, wàá sì mú èyí tí o fẹ́. Tí Google Docs lo fẹ́ lò, ṣètò rẹ̀ kí ó lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà.

Ohun tó kù ni ẹnì kan ṣoṣo tó máa ka ìtàn náà fún ọ. Bá a sọ ọ́ láti ìsinsìnyí, kí o sì dá ọjọ́ fún un.

Ìgbésẹ̀ 1: Kọ ọ̀sẹ̀ rẹ sílẹ̀ bí o ṣe lò ó

Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Fún ọjọ́ méje, máa kọ ohun tí o fi wákàtí kọ̀ọ̀kan ṣe sínú jọ́tà. Kọ oorun, kíláàsì, oúnjẹ, omi pípọn, aṣọ fífọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àti ìdúró de mọ́tò. Ìrìn-àjò nìkan lè bà ọ́ lẹ́rù. Ẹni tó ń gbé Asẹ́rò tó ń lọ sí ilé-ìwé ní Òjèrè lójoojúmọ́ yóò rí wákàtí tí kò mọ̀ pé òun ń san.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: ọ̀sẹ̀ tó wù wọ́n ni wọ́n máa ń kọ, wọn kì í kọ èyí tí wọ́n gbé. Wọ́n á kọ ọ́ pé àwọn jí ní agogo 4, wọ́n kàwé títí di 7, wọ́n sì sáré ìdárayá. Irọ́ tí o bá pa fún jọ́tà, ara rẹ lo pa á fún. Tí o bá fi wákàtí mẹ́ta wo fídíò lórí fóònù, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bá ọ wí.

Bí unit tí o forúkọ sílẹ̀ fún bá jẹ́ 18, wákàtí kíláàsì rẹ kò lè dín sí nǹkan bí 18 lọ́sẹ̀, nítorí pé unit kan jẹ́ wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15. Iṣẹ́ inú yàrá àyẹ̀wò àti ti oko máa ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ: unit kan nínú rẹ̀ lè jẹ́ wákàtí mẹ́ta. Má sì gbàgbé pé bí o kò bá wà níbi 75% kíláàsì, wọ́n lè má jẹ́ kí o jókòó ìdánwò. Àkókò kíláàsì kì í ṣe ohun tí a lè fi tọrẹ fún ìtàn.

Láti mọ̀ pé o ṣe é dáadáa, ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tí kò bá pé 168, o fi nǹkan kan pamọ́. Padà lọ wá a.

Ìgbésẹ̀ 2: Fa ìlà dúdú sórí àwọn ọ̀sẹ̀ tí o kò ní kọ nǹkan kan

Ṣí kàlẹ́ńdà sáà. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò àárín sáà, ọ̀sẹ̀ ìdánwò ńlá, àti ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú rẹ̀, fa ìlà dúdú lé gbogbo wọn lórí. O kò ní kọ ìtàn nínú wọn, o kò sì ní bínú sí ara rẹ nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ léra tí kò ní ìlà. Láti ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkarùn-ún nínú sáà ló máa ń rọrùn jù, torí àwọn olùkọ́ kò tíì gbóná.

Ẹni tó wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta, tó sì ti dé ọdún iṣẹ́ oko, tàbí ẹni tó wà lẹ́nu SIWES, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ ṣe níbi iṣẹ́, níbikíbi, kò gbọ́dọ̀ lo ètò yìí bí mo ṣe kọ ọ́. Ara tó ti ro oko láti òwúrọ̀ nílò oorun. Jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà di mẹ́jọ.

Tí o bá lè tọ́ka sí ọjọ́ tí ìtàn rẹ máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí lórí kàlẹ́ńdà, tí kò sì sí ìlà dúdú láàárín wọn, kọjá sí ìgbésẹ̀ tó kàn.

Ìgbésẹ̀ 3: Kọ òpin ìtàn kí o tó kọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o farabalẹ̀ sí jù lọ, torí ibí ni ìtàn púpọ̀ ti ń kú. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní òun fẹ́ kọ ìtàn kúkurú, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ jẹ́ ìdílé mẹ́ta, ogun, ìfẹ́, àti ọba kan tí wọ́n rọ̀ lóyè. Ọ̀rọ̀ 1,500 kò lè gbà á. Ẹrù tó tóbi ju orí lọ, ọ̀nà ni a ti máa sọ̀ ọ́.

Mú ẹnì kan. Mú ibì kan. Mú ọjọ́ kan, ó pọ̀ jù ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà, dáhùn ìbéèrè mẹ́ta sínú jọ́tà, gbólóhùn kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: Kí ni ẹni yìí ń fẹ́? Kí ló dí i lọ́wọ́? Kí la máa rí kẹ́yìn kí ìtàn tó dákẹ́?

Wo èyí tí èmi fi ṣe ìdánrawò. Ọmọkùnrin kan fẹ́ fi han ìyá rẹ̀ pé òun ti tó ẹni tí à ń rán níṣẹ́ owó. Ìyá náà di ẹrù àdìrẹ fún un láti Ìtòkú pé kí ó gbé e fún oníbàárà kan ní Kútọ̀. Owó mọ́tò tí wọ́n fún un, ó fi pamọ́, ó ní òun á fi ẹsẹ̀ rìn. Òjò ká a mọ́ ojú ọ̀nà. Aró tí kò tíì gbẹ dáadáa ṣàn láti ara aṣọ kan sí òmíràn. Kí la máa rí kẹ́yìn? Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé ìyá rẹ̀ nà án. Ẹnikẹ́ni ló lè rò ìyẹn. Mo tún un kọ pé ìyá rẹ̀ dárí jì í, ó sì gbà á nímọ̀ràn. Ìyẹn náà kò dùn, ìwàásù ni. Ìgbà kẹta ni mo kọ ọ́ pé: ìyá rẹ̀ sá àwọn aṣọ tó bàjẹ́ náà sórí okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé títà ni wọ́n ṣì wà fún, ó wọlé, ó sì bu láfún fún un kí ó tó bu tirẹ̀. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé mo ti rí i. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí mo bá kọ ní ibi tó ń lọ.

Nítorí náà, má gba òpin tó bá kọ́kọ́ wá sọ́kàn rẹ. Kọ mẹ́ta, kí o mú èyí tí a lè fi ojú rí. Bí òpin rẹ bá jẹ́ "ó wá mọ̀ pé," tàbí "láti ọjọ́ náà ni," nù ún kúrò.

Àyẹ̀wò rẹ̀ ni pé kí o sọ ìtàn náà fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá láàárín ìṣẹ́jú kan, bí ẹni ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò. Tí ó bá béèrè pé "ta ló tún ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?", ènìyàn ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ọ̀rọ̀ igba, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì

Ọ̀rọ̀ 200 lọ́jọ́ kan, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, yóò fún ọ ní 1,600 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó fún un. Padà sínú ìwé wákàtí rẹ, wá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó wà ní ibì kan náà lọ́jọ́ mẹ́rin. Tèmi jẹ́ agogo 5:30 àárọ̀, kí ariwo garawa omi tó bẹ̀rẹ̀ ní kọ̀ǹpáùǹdù. Tìrẹ lè jẹ́ ààrin kíláàsì méjì lábẹ́ igi. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ó má máa ṣí kiri.

Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1920, iṣẹ́ òjíṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó ló ń ṣe nígbà tó kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 1952. Ẹnu iṣẹ́ ló wà nígbà náà. Mo máa ń rántí ìyẹn tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun ń dúró de ìsinmi.

Báyìí ni kí o ṣe é:

1. Ka ìpínrọ̀ tí o kọ kẹ́yìn nìkan. Má ka ìtàn láti òkè. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè lójoojúmọ́, ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ á máa dán bí idẹ, ṣùgbọ́n kò ní ní ojú ewé kẹta láé.

2. Fi fóònù sí ipò tí ìpè àti ìfiránṣẹ́ kò fi ní wọlé. Tí o kò bá lè ṣe é, fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú jọ́tà.

3. Má fi àmì ohùn dá ara rẹ dúró nísinsìnyí. Kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wá, ìgbésẹ̀ kẹfà ló ni àmì.

4. Dúró nígbà tí o ṣì mọ ohun tó kàn. Èyí le fún àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n òun ló ń gbà mí. Kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ fún ọ̀la. Tèmi lọ́jọ́ kejì ìtàn ọmọ aláàdìrẹ yẹn ni: "Ọ̀la: ó dé Sápọ́n, ẹ̀kán òjò kan bọ́ sí i lọ́wọ́, ó ní kì í ṣe òjò." Nígbà tí mo jí, ọwọ́ mi ti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Tí o bá pàdánù ọjọ́ kan, má san án padà. Ẹni tó bá ní òun máa kọ 400 lọ́la nítorí òní, yóò di 600 lọ́tùn-únla, ọjọ́ kẹrin ni yóò sá. Máa bá 200 rẹ lọ. A ti fi ọ̀rọ̀ 100 sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún irú nǹkan báyìí, òpin ìtàn náà sì lè sún síwájú ọjọ́ kan tàbí méjì.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì, ṣé ìtàn náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin? Tí ó bá ní, kódà kí àárín rẹ̀ rí játijàti, o ti yege.

Ìgbésẹ̀ 5: Jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ máa bá ìtàn rìn

Ọ̀pọ̀ ń rò pé àdìrẹ tàbí fọ́tò ni olè tó ń jí àkókò ìtàn. Ní tèmi, ìdí àdìrẹ ni mo ti máa ń rí ojútùú sí ibi tí ìtàn mi bá ti há. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni mo ń ṣe. Mo máa ń fi pẹ́ńsù ya ìlà sára aṣọ funfun, maá fi abẹ́rẹ́ àti òwú tó le gba ojú ìlà náà, lẹ́yìn náà maá fa òwú kí aṣọ lè kó ara jọ ṣinṣin. Ibi tó kó ara jọ yẹn ni aró kò ní ráyè wọ̀. Ọwọ́ dí, ẹnu dákẹ́, ọkàn sì ṣófo. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí i, ẹni inú ìtàn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí jọ́tà wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ.

Wákàtí méjì lọ́sẹ̀ ni kí o fún un, ní ọjọ́ tí o kò kọ ìtàn. Ọ̀pá aṣọ kan ṣoṣo ni kí o ṣe jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Tí o bá fẹ́ pa á láró fúnra rẹ, tí o sì máa lo sódà tí wọ́n fi ń pa aró (caustic soda), wọ ìbọ̀wọ́, ṣe é ní ìta gbangba, kí o sì máa da sódà sínú omi díẹ̀díẹ̀. Má ṣe da omi lé sódà lórí láé: ó lè hó kí ó ta sí ọ lójú. Tí o kò bá ní ẹni tó ti ṣe é rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, gbé aṣọ tí o rán lọ sí Ìtòkú, kí o sanwó fún aláró.

Ìkìlọ̀ tó kàn yìí jáde láti inú ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún kejì mi, ẹnì kan rí ìró tí mo ṣe, ó ní kí n ṣe méjìlá fún òde ìgbéyàwó. Inú mi dùn, mo gba owó ìdajì. Ọjọ́ tó yẹ kí n kó wọn fún un bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìdánwò àárín sáà. Mo fi òru méjì rán aṣọ, mo sùn lórí ìwé ìdánwò, máàkì mi nínú kọ́ọ̀sì náà kò sì gòkè mọ́ títí sáà fi parí. Ìtàn tí mo ń kọ nígbà náà, ojú ewé méjì ló ṣì jẹ́ títí dòní. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí, má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Sọ fún wọn pé ó di ìsinmi.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó ń lọ dáadáa? Tí o bá dìde nídìí iṣẹ́ ọwọ́ tí ara rẹ fúyẹ́, ó wà ní ipò rẹ̀. Tí o bá dìde pẹ̀lú ìbẹ̀rù ọjọ́ tí o dá fún ẹnì kan, ó ti kúrò ní ìgbádùn, ó ti di òwò.

Ìgbésẹ̀ 6: Fi ìtàn sílẹ̀ fún ọjọ́ méje, kí o tó kà á sókè

Màmá tó kọ́ mi ní aró elú ní Ìtòkú kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Tí aṣọ bá kọ́kọ́ kúrò nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé aró náà ti bàjẹ́. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni, díẹ̀díẹ̀, láti etí aṣọ wọ àárín. Lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ sáré rì í padà, màmá di ọwọ́ mi mú: "Àṣàkẹ́, fi í sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ rí i ná." Mo dáhùn pé, "Ẹ máa bínú, mà." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe ìtàn báyìí. Odindi ọ̀sẹ̀ kẹta, n kì í ṣí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kà á sókè. Dúró, kí o sì ka gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ohùn. Ibi tí ahọ́n rẹ bá ti kọsẹ̀, fa ìlà sí i. Ibi tí o bá ti ń sáré kà á kí ó lè tán, fa ìlà sí ìyẹn náà, torí òǹkàwé yóò sáré níbẹ̀ jù ọ́ lọ. Yọ ibi tí o sáré kà kúrò pátápátá kí o tó tún ibi tí ahọ́n rẹ ti kọsẹ̀ ṣe.

Àmì ohùn ló kàn. Má ṣe é ní ìdajì. "Ọkọ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà" àti "ọkọ̀ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà," ìtàn méjì ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni igba, igbá, ìgbà àti ìgbá ṣe yàtọ̀ síra. Lẹ́yìn tí o bá fi àmì sí i tán, fi í ránṣẹ́ sí fóònù ẹlòmíràn, kí o wò ó níbẹ̀. Fọ́ǹtì mìíràn máa ń tú àmì kúrò lórí ẹ̀ àti ọ́, yóò sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, yí fọ́ǹtì padà.

O ti parí ìgbésẹ̀ yìí tí o bá lè kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró tún nǹkan kan ṣe.

Ìgbésẹ̀ 7: Gbé e fún ẹni tí o dá ọjọ́ fún

Ẹnì kan ṣoṣo. Tí o bá gbé e fún márùn-ún, ẹnu márùn-ún á fa ìtàn rẹ ya. Béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀: Ibo ló ti rẹ̀ ọ́? Ibo ni o kò ti gbà gbọ́? Kí lo rántí lẹ́yìn tí o kà á tán? Má gbèjà ara rẹ nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì dúpẹ́. Tí ó bá ní "ó dùn" nìkan, rọra béèrè ìbéèrè kẹta lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí ohun tó rántí bá jẹ́ òpin tí o kọ sínú jọ́tà rẹ ní ìgbésẹ̀ kẹta, ìtàn náà dé ibi tí o rán an.

Tún ohun tí o gbà ṣe lọ́jọ́ kan péré. Tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Pánṣẹ́kẹ̀ tàbí níwájú ilé-ìwé rẹ. Kọ ọjọ́ tí o parí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn, kí o wá ṣí kàlẹ́ńdà tí o fa ìlà dúdú sí. Ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ ṣáájú ìlà àkọ́kọ́. Tí ó bá ṣáájú rẹ̀, ti jọ́tà pa, kí o kó ìwé kíláàsì rẹ jáde.